Orí Kẹrin: Ẹnu Ìyá La Fi Ń Tọrọ Ọmú

Ṣíbí ti wọ ẹnu ọmọ tán kí Ìbíwùmí tó rántí pé ògiri ń gbọ́. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ìró omi tó ń lọ lọ́nà ọ̀fun ìkókó náà má baà jáde, ó sì kẹ̀yìn sí ibi tí Ìyá Ògiri wà, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà lójú. Kò lójú. Etí nìkan ló ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe ohun tí kò dáa, gbogbo ibi ló lójú fún un.

"Ṣé kò sí o, Ìyá Ìkókó?" Ìyá Ògiri bi í, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tó máa ń dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá oyin tán. "Mo gbọ́ ikọ́."

"Kò sí nǹkan kan. Itọ́ ló há mi lọ́fun."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ọmọ ti mu ọmú?"

"Ó ń mu ún lọ́wọ́."

Irọ́ gbuu! Omi tí wọ́n po gulukóòsì mọ́ ni ọmọ ń mu lọ́wọ́. Gulukóòsì yẹn náà, inú àpò Adébáre ọkọ rẹ̀ ló ti jí i bù, èyí tí ọkùnrin náà máa ń pò mu nígbà tó bá ń lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ odi òkun. Ìbíwùmí tún bu ṣíbí kejì. Ọmọ náà gbé e mì láìlajú, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i funfun bí òwú. Bó ti gbé ṣíbí kejì yẹn mì ni funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀tí. Ó kọ́kọ́ dà bí aṣọ tí wọ́n fi nuwọ́, lẹ́yìn náà ó pọ́n, ó ń pọ́n sí i, títí ó fi dà bí irin tó dógùn-ún. Ìbíwùmí fi àtàǹpàkò ra á. Ó tutọ́ sí i, ó tún ra á. Ta ló yẹ kó mọ̀ jù ú lọ pé kò sí ọṣẹ tó lè fọ ẹ̀gbà yẹn? Inú ara ọmọ ló ti ń mú àwọ̀ rẹ̀ wá.

"Háà! Ìbíwùmí!"

Màmá, ìyá tó bí i, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, abọ́ ògì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti rí ṣíbí, ó sì ti rí ẹsẹ̀ ọmọ.

"Màmá, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń gbọ́."

Màmá gbé ògì sílẹ̀. Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó ki abọ́ ìwẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí i, omi ń dà ṣọ̀ọ̀ọ̀. "Ó yá, sọ̀rọ̀," ló wí. "Omi ti dí i létí. Kí lo fún ọmọ yẹn?"

"Omi gulukóòsì. Díẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ! Ìwọ tó o da àgbo mi nù sí gọ́tà! Ìwọ tó o ní n kò gbọdọ̀ fi omi kan ètè ọmọ, pé kí n má dójú tì ọ́ lójú ayé!"

"Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ẹkún rẹ̀ ló..."

"Ẹkún wo? Ọmọ yìí ò sunkún látàárọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà."

Òótọ́ ni. Láti àná ni ọmọ náà ti ń sùn bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlédìí rẹ̀ gbẹ táútáú. Ìtọ̀ tó tọ̀ kẹ́yìn pọ́n, kò sì tó nǹkan. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ti wọlẹ̀. Nígbà tí Màmá fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, funfun ojú rẹ̀ ti ń ní àwọ̀ ìyeyè. Ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, tí gbogbo ilé ṣì ń pè ní Àlejò, ó ti ń ṣe bí àlejò tó fẹ́ padà síbi tó ti wá.

Ọmú Ìbíwùmí kò dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ti kán díẹ̀díẹ̀, ó sì ti fún ọmọ ní gbogbo ẹ̀kán tó rí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń retí kí àyà rẹ̀ wú, kí ó wúwo, kí aṣọ rẹ̀ tutù bó ṣe ti sọ fún ọgọ́ọ̀rọ̀ abiyamọ pé yóò rí. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ya lára rẹ̀ nígbà ìbí, ó ya títí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára. Agbẹ̀bí ti sọ ọ́ fún un kó tó filé ìwòsàn sílẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ya lára rẹ̀ tó yẹn, ọmú lè pẹ́ kó tó dé. Kó máa gbé ọmọ sáyà lemọ́lemọ́, kó sì tètè gba ẹnu Ìyá Ògiri ké sí Ilé Ọmú, tó máa ń wá ìyá tó lọ́mú fún ọmọ. Ó ṣe ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ni kò ṣe.

"Mo múra, Màmá," ló ń wí, omijé ń já bọ́ sára ọmọ. "Ẹ mọ̀ pé mo múra. Kí n tó lóyún rárá ni mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni, ẹ̀wà ni, ẹja ni. Adébáre jáwọ́ nínú ọtí, ó jáwọ́ nínú sìgá. Òrùka ìmúra tí wọ́n fi ń ṣọ́ ara wa ò ṣẹ́jú pupa rí. Èmi ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fáwọn ìyàwó tuntun! Kí ni mo wá ṣe tí ọmú ò fi dé?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ìmúra lo ṣe, o ò bá Ọlọ́run tọwọ́ bọ̀wé. Ara ò gbọ́ àṣẹ. Pe Ilé Ọmú."

"Mi ò lè pè wọ́n."

"Kí ló dé?"

Kí ló dé! Bí ẹni pé Màmá ò mọ̀. Gbogbo Orí-Àpáta, láti ìsàlẹ̀ odi títí dé òkè pátápátá níbi tí àwọn tó sá kúrò ní etíkun tẹ̀dó sí, ohùn Ìbíwùmí ni ògiri wọn fi ń kí wọn láàárọ̀. Òun ni Olùṣọ́-Ìkókó. Ohùn rẹ̀ ló ń sọ pé, *Ọmú nìkan! Kò somi, kò ságbo, kò sí gulukóòsì!* Àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ lójú pópó, wọ́n á fọwọ́ síbàdí, wọ́n á ga ọrùn bíi tirẹ̀. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

"Tí wọ́n bá gbọ́ pé Olùṣọ́ fúnra rẹ̀ ń tọrọ ọmú kiri," Ìbíwùmí wí, "níbo ni mo fẹ́ forí pa mọ́ sí? Ikú yá ju ẹ̀sín, Màmá."

Màmá ti ẹ̀rọ omi pa. Yàrá dákẹ́ wẹ́lo.

"Ikú ta ni?"

Ìbíwùmí gbá ọmọ mọ́ra.

"Mo ní ikú ta ni, Ìbíwùmí? Tìẹ ni, àbí ti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí?"

"Mo gbọ́ 'ikú'," Ìyá Ògiri wí. "Ṣé kí n ké sí agbẹ̀bí?"

"Rárá!" Ìbíwùmí fò sókè. Agbẹ̀bí tó bá wọlé báyìí, ẹsẹ̀ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ wò. "Màmá ló ń pòwe."

"Òwe dára," Ìyá Ògiri wí. "Ẹ ò tíì fi ẹsẹ̀ ọmọ kàn mí kí n ka ẹ̀gbà rẹ̀ lónìí o. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ jọ̀wọ́."

Màmá jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. "Gbọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ò ní wà nínú yàrá yìí kó wọ́. O ó pè, àbí kí n pè?"

Ìyá kan ò lè bá ìyá mìíràn tọrọ, ìyẹn náà sì ń bẹ nínú òfin. Ìbíwùmí nu ojú. Ó wo ọmọ. Ọmọ ò wò ó.

"Ìyá Ògiri," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, "ta ló ní ọmú tó ṣẹ́ kù ládùúgbò yìí?"

Ìyá Ògiri kò béèrè ìdí, ìyẹn sì dun Ìbíwùmí ju kó béèrè lọ. "Ìyá Ìbejì tó wà nídìí afárá ní, ṣùgbọ́n ibà dá a dúbúlẹ̀, oògùn wà lára rẹ̀. Ìyàwó Ṣówándé ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ẹnì kan ló kù. Mọ́ríyikẹ́ Àjàní, ilé aláwọ̀ ewé lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ọmú rẹ̀ pọ̀, ara rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́."

Nínú gbogbo Orí-Àpáta, orúkọ yẹn nìkan ni Ìbíwùmí kò fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ bó èèyàn láwọ̀, tí kò sí ẹni tó lè fẹsẹ̀ lásán tẹ àpáta, Ìbíwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ di Olùṣọ́ ni. Ó wọ ilé Mọ́ríyikẹ́, ó rí ẹ̀gbà ọmọkùnrin rẹ̀, Fọlárìn, tó ti pọ́n. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ní ooru ló mú ọmọ, pé ètè rẹ̀ gbẹ, pé òun fi omi tọ́ ọ lẹ́nu lásán ni. Òfin fún Olùṣọ́ lọ́nà méjì: kó kìlọ̀, tàbí kó gba ọmọ lọ sí Ilé Ìtọ́jú fún ìgbà díẹ̀. Ìbíwùmí wẹ̀yìn, ó rí i pé èrò ti pé sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo irú Olùṣọ́ tí yóò jẹ́. Ó gba ọmọ. Ó tún dúró lẹ́nu ilé, ó ní, "Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kì í fún un lómi." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

"Ṣé àwòdì ò lè lọ gbé e wá?" Ìbíwùmí béèrè. Àwòdì ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ kékeré abìyẹ́ tó ń gbé oògùn àti oúnjẹ láti òrùlé dé òrùlé. "Kó fún un sínú ìgò, kí àwòdì gbé e wá. Mi ò ní kó yọ ara rẹ̀ lẹ́nu."

"Kò ṣeé ṣe," Ìyá Ògiri wí. "Ẹnu ìyá la fi ń tọrọ ọmú, ojú la fi ń gbà á. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní gbólóhùn yẹn."

"Wọn ò fẹ́ kí ẹni tó mu ọmú kan náà lọ fẹ́ra wọn lọ́la," Màmá wí. "Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Pè é, ọmọ mi. Pè é."

Ìbíwùmí pè é. Ìyá Ògiri dún gbì, afẹ́fẹ́ inú yàrá sì yí padà, torí ohùn ilé ẹlòmíràn ti wọ inú rẹ̀: ìkòkò tó ń hó, ọmọ kékeré tó ń sọ èdè tara rẹ̀.

"Mọ́ríyikẹ́ ni. Ta ló ń pè?"

"Èmi ni o." Ó sún mọ́ ògiri. "Ìbíwùmí."

Ìkòkò ṣì ń hó. "Olùṣọ́," Mọ́ríyikẹ́ wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀wọ́," Ìbíwùmí wí. "Ẹ bá mi fún ọmọ mi lọ́mú."

"Ẹ̀yin ni mo wá dà báyìí? Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ ni."

Kí ni Ìbíwùmí fẹ́ sọ? Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Màmá gbá a lẹ́sẹ̀ pé kó má dákẹ́. "Mo mọ̀," ó wí. "Mo mọ̀ pé n kò lẹ́nu láti fi bẹ̀ yín."

"Ṣé ọmọ ń sunkún?"

"Kò sunkún mọ́."

Ohùn náà gé. Ìkòkò dákẹ́, ọmọ dákẹ́. Ìbíwùmí rò pé ó ti kọ̀ nìyẹn, kò sì lè bínú. Bó bá jẹ́ òun, ṣé òun kò ní kọ̀? Ó gbé ọmọ sáyà rẹ̀ tó ti gbẹ, ó ń mì í, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jí, kó kàn jí. Màmá ń rìn káàkiri, ó ń ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu, àdúrà ni bí kì í bá ṣe èpè.

Ògì kò tíì tutù tán tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Mọ́ríyikẹ́ ló wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó pọn Fọlárìn sẹ́yìn, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún àti tòsì kò bára mu. Obìnrin gíga ni, ọjọ́ orí rẹ̀ ò tó ti Ìbíwùmí. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Ó kọjá lára Ìbíwùmí bí ẹni tó kọjá lára àga. Ó sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́, ó jókòó lórí ẹní, ó sì na apá.

"Ẹ gbé e wá."

Màmá ti fi aṣọ wé ọmọ náà lẹ́sẹ̀ méjèèjì pinpin. Mọ́ríyikẹ́ gbé e sáyà, ó gbé ọmú sí i lẹ́nu. Ọmọ ò mu. Ó fi orí ọmú ra á ní ètè, ọmọ ò mu. Ìbíwùmí ti di ẹnu ara rẹ̀ mú. Mọ́ríyikẹ́ fún ọmú díẹ̀ sí i lẹ́nu, ó fi ìka ra á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń pè é: "Àlejò, Àlejò pẹ̀lẹ́. Jẹun. Ọ̀nà jìn." Ó tún fún un sí i. Ọmọ gbé e mì. Ó dúró. Ó lanu, ó gbá ọmú mú, ó sì fà á, ó tún fà á, títí gbogbo yàrá fi ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì gbùkù gbùkù.

Màmá bú sẹ́kún. Inú Ìbíwùmí dùn, ojú sì tì í débi pé kò lè wo ibi tí ayọ̀ náà ti ń wá. Ilẹ̀ ló ń wò. Fọlárìn ti dúró ti orúnkún ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n tó ti ń rìn, ó ń na ìka sí orí ìkókó náà.

"Ẹ ṣeun," Ìbíwùmí wí. "Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọmú yín ò ní gbẹ láé. Ṣé... ṣé kò ní pa Fọlárìn lára? Ṣé èyí tó kù máa tó o?"

"Fọlárìn ò mu ọmú."

"Ẹ ti já a lẹ́nu ọmú?"

"Ẹ̀yin lẹ já a." Mọ́ríyikẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà jí ọmọ tó wà láyà rẹ̀. "Mo ń fún ọmú sínú ìgò, mo ń gbé e lọ fún wọn ní Ilé Ìtọ́jú. Wọ́n ń fi orí rọ́bà fún un mu. Inú gíláàsì ni mo ti ń wò ó. Ìgbà tí wọ́n dá a padà fún mi, mo gbé e sáyà báyìí. Ó wò mí bí àjèjì. Ó kígbe, ó ń ti ọmú dà nù. Mo ṣe é títí, mo sunkún títí. Kò mọ̀ ọ́n mu mọ́. Ọmú ò sì gbọ́ pé ẹni tó ní i ti lọ, ó ń dé ṣáá ni. Ìdí tí orúkọ mi fi wà ní Ilé Ọmú nìyẹn. Ohun tí ọmọ yín ń mu yìí nìyẹn."

Ìbíwùmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo bí ó ti ń fi ohùn kọ́ni láti inú ògiri, kò tíì ronú kàn án rí pé ọmọ lè gbàgbé àyà ìyá rẹ̀, pé òun ni òun jẹ́ kó gbàgbé. Ó fẹ́ sọ pé ẹ foríjì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kéré jù.

"Mo gbọ́ pé ọmọ ń mu," Ìyá Ògiri wí. "Ẹ kú inúure, ìyá ọmú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ ọmọ kàn mí, kí n lè kọ yín pọ̀ mọ́ ọmọ."

"Ó ń sùn!" Màmá yára wí. "Ẹ jẹ́ kó sùn ná."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Mọ́ríyikẹ́ ti wà lára aṣọ ẹsẹ̀ ọmọ. Ó tú u. Ẹ̀gbà náà yọ, ó pọ́n rokoroko.

Mọ́ríyikẹ́ wò ó. Ó gbójú sókè, ó wo Ìbíwùmí, ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé.

Màmá kúnlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, ìyá arúgbó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú ẹni tó lè bí lọ́mọ, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí ògiri má gbọ́: "Èmi ni. Àgbo ni mo rọ ọ́. Arúgbó ni mí, mi ò mọ òfin. Ọmọ mi ò mọ̀ nípa rẹ̀."

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn." Mọ́ríyikẹ́ fi ọwọ́ kan gbé e dìde. Òun náà rẹ ohùn sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ìbíwùmí. "Bí ọmọ bá ń rí ọmú mu, ẹ̀gbà á tún funfun. Mo lè sọ fún un pé ọmọ ń sùn. Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, kí n tún sọ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin lẹ mọ òfin. Kí ni kí n sọ?"

Ìbíwùmí wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Bí ó bá ní kí ó purọ́, ọmọ á wà nílé, òun náà á padà sẹ́nu iṣẹ́, ohùn rẹ̀ á tún máa kí ìlú láàárọ̀. Bí kò bá purọ́, gíláàsì ni. Ó fẹ́ purọ́, ẹ má jẹ́ a tan ara wa. Gbogbo ẹran ara rẹ̀ ló fẹ́ purọ́. Ó wá rí i pé ìyá òun ṣì ń gbọ̀n, ìyá òun tó ti kúnlẹ̀ nítorí ìtìjú òun. Ìtìjú yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ebi pa ọmọ. Kí ló tún fẹ́ fi pa?

"Ìyá Ògiri," ó wí kíkankíkan. "Èmi ni mo fún ọmọ mi lómi gulukóòsì. Màmá mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọmú mi ò dé, ojú sì tì mí láti tọrọ."

Màmá ṣe "Háà!" ó sì fọwọ́ lérí.

Ìyá Ògiri dún gbì. "Mo gbọ́," ó wí. "Wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò yín lẹ́nu iṣẹ́. A óò gba ọmọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ìyá ọmú bá ti wà, ọ̀dọ̀ ìyá ọmú ni ọmọ ń lọ, bí ó bá gbà, títí ara ọmọ yóò fi le. Bí kò bá gbà, Ilé Ìtọ́jú ni. Ìyá ọmú, ṣé ẹ gbà?"

Mọ́ríyikẹ́ gbé ọmọ sí ọmú kejì, ó tún orí rẹ̀ ṣe.

"Mo gbà."

"Agbẹ̀bí yóò pàdé yín níbẹ̀, kó yẹ ojú ọmọ wò."

"Mọ́ríyikẹ́..." Ìbíwùmí bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì dárí jì yín, mi ò sì mọ̀ bóyá n ó dárí jì yín. Ọmọ ni kò ṣẹ̀ mí." Ó dìde, ó tẹ ẹsẹ̀ ọmọ mọ́ ògiri, ògiri dún gbì. "Ẹ múra, kí ẹ bá wa lọ. Yàrá wà. Bó bá ti mu tèmi tán, ẹ ó gbé e sí tiyín kó máa fà á, bí ó bá ṣe ń fà á ni yóò ṣe máa dé. Mi ò ní gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pátá. Mo mọ ohun tó ń fà."

Ìbíwùmí ò mọ bí yóò ṣe wọ ilé aláwọ̀ ewé yẹn. Ó wọ aṣọ, ó fi ìborùn bo orí, ó sì tún ṣí i kúrò. Màmá kó ìlédìí sínú àpò. Mọ́ríyikẹ́ fi ọ̀já gbá ìkókó mọ́ àyà, ó wá bojú wo Fọlárìn tó ń fà á láṣọ.

"Mi ò lè pọn ọ́ báyìí. Fún Àǹtí lọ́wọ́."

Ọmọkùnrin náà wo Ìbíwùmí. Kò mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́, ó di ìka rẹ̀ kan mú gírígírí, wọ́n sì jáde.

Oòrùn ṣì wà lókè. Àwọn èèyàn ń bẹ lóde, wọ́n ń nu awo oòrùn orí òrùlé wọn, wọ́n ń ṣa ata tí wọ́n sá sórí àpáta. Ìbíwùmí ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà sì ń fi ẹsẹ̀ kékeré bá a rìn. Obìnrin kan tó ń ṣa ata rí wọn, ó nàró, ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀.

"Olùṣọ́ wa! Ẹ kú ọwọ́ lómi o! Ẹ kú ewu ọmọ! Ọlọ́run á wò ó o!"

Àwọn tó wà lórí òrùlé náà yíjú síbẹ̀. Ìbíwùmí lè fọwọ́ dáhùn, kó máa lọ. Ó dúró.

"Ẹ má kí èmi," ó wí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́. "Mọ́ríyikẹ́ lẹ ó kí. Mo fún ọmọ mi lómi. Òun ló fún un lọ́mú."

Obìnrin náà lanu sílẹ̀. Ata ń jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí òrùlé, ẹnì kan ṣe hìn-ín. Ojú gba Ìbíwùmí tì láti orí títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì sí ibi tó lè gbé e sí, torí ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mọ́ríyikẹ́ ti dé ìdí àtẹ̀gùn. Kò wẹ̀yìn.

"Ẹ máa bọ̀," ó wí. "Ó ti ń jí."